Bí A Ṣe Ń Dá Èérún Inú Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Pupa Mọ̀, àti Ohun tí Wọ́n Ń Tọ́ka Sí

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ti dàgbà tán kì í ní ohunkóhun nínú tí ojú lè rí. Ó dàbí àwo pẹrẹsẹ tí a tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó máíkírómítà 7 sí 8, ohun tí ó sì kún inú rẹ̀ ni hẹ̀mógílóbìnì, èròjà pupa tí ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Kóró (núkílíọ̀sì) tí ó ní nígbà tí ó ṣì wà nínú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí a ti ń ṣe é, ti kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó bọ́ sínú ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fi maikirosikóòpù wo ẹ̀jẹ̀ tí a ti pa láró, tí a sì rí àmì róbótó, òrùka tàbí ọ̀pá kan nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni a rí. Èérún ni mo pè wọ́n nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyókù iṣẹ́ tí a kò ṣe parí, bí èérún tí ń kù sórí tábìlì lẹ́yìn tí a bá jẹun tán.

Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ní lọ́kàn jù lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba èsì àyẹ̀wò, tí ó rí orúkọ bíi Howell-Jolly tàbí Heinz nínú rẹ̀, tí kò sì mọ ohun tí yóò bi dókítà rẹ̀, yóò rí nǹkan mú níbí pẹ̀lú. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé èérún kan kì í dá jẹ́rìí. Aró tí ó mú un hàn, ìrísí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí i ká, àti ìtàn ara ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ náà ni ẹlẹ́rìí yòókù, bí a kò bá sì gbọ́ tẹnu wọn, a ó ṣi èérún náà túmọ̀.

Iṣẹ́ ọlọ inú

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ọlọ inú kò lè lóye ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí. Ọlọ inú ni ẹ̀yà ara rírọ̀ tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà ní apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò oúnjẹ, asẹ́ sì ni ó jẹ́ fún ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé, láàárín àkókò náà ó ń gba inú ọlọ inú kọjá lemọ́lemọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fún ara rẹ̀ gba àwọn àlàfo tóóró kan tí fífẹ̀ wọn kò tó ìdajì ti sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ rọ̀ yóò yọ́ kọjá. Bí èérún líle bá wà nínú rẹ̀, èérún náà yóò há, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹdọ̀tí tí ó wà níbẹ̀ yóò já a gbà, sẹ́ẹ̀lì pupa yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ, bí èso tí a yọ kóró inú rẹ̀ tí èso náà kò sì bàjẹ́.

Mùdùnmúdùn ń ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ó yá tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ní àbùkù, ṣùgbọ́n asẹ́ náà ń kó àbùkù kúrò kí ojú wa tó kàn án. Bí èérún bá wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yálà ibi tí a ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ni nǹkan ti wọ́, tàbí ibi tí a ti ń sẹ́ ẹ ni iṣẹ́ ti dúró, tàbí kí nǹkan kan ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ lójú ọ̀nà. Kòkòrò tí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì láti òde jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, a ó sì dé ibẹ̀.

Bí a ṣe ń pèsè ẹ̀jẹ̀ fún wíwò

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti pẹ́ nínú ìgò máa ń parọ́. Bí ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ gbìyànjú kí ẹ tẹ́ ẹ sórí sílàìdì láàárín wákàtí 2, nítorí pé etí sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, àwọn èérún kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan sílàìdì tí ó mọ́, ẹ fi etí sílàìdì mìíràn kàn án ní ìdagun tí ó tó ìwọ̀n 30 sí 45, ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tàn dé etí méjèèjì, kí ẹ sì tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó rì í sínú mẹ́tánọ́ọ̀lù tí omi kò dà pọ̀ mọ́, kí sẹ́ẹ̀lì lè lẹ̀ mọ́ sílàìdì. Bí omi díẹ̀ bá wà nínú mẹ́tánọ́ọ̀lù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì gbẹ tán, ihò wẹ́wẹ́ tí ń dán yóò wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ihò yìí sì ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jẹ.

Aró Leishman, Wright àti Giemsa ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Fún ìrísí sẹ́ẹ̀lì lápapọ̀, omi tí a fi ń po aró yẹ kí ó wà ní pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 6.8, fún kòkòrò ibà, pH 7.2 ni ó ń mú àwọ̀ rẹ̀ yọ dáadáa. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n mo ti rí sílàìdì tí a fi pH tí kò yẹ ṣe, tí àmì wẹ́wẹ́ tí ó yẹ kí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì kò yọ rárá.

Nígbà tí ẹ bá gbé e sábẹ́ awò, ẹ kọ́kọ́ fi ojú awò kékeré wá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti tẹ́ ní ìpele kan ṣoṣo, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò gun ara wọn lórí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti kán òróró, tí ẹ ó sì lo ojú awò 100, èyí tí ó sọ gbogbo nǹkan di ìlọ́po 1,000 pẹ̀lú ojú awò òkè. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti nípọn, ohun gbogbo dàbí èérún. Ní ìpẹ̀kun ìrù rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ti pàdánù ìrísí rẹ̀.

Ṣé inú sẹ́ẹ̀lì ni ó wà ní tòótọ́?

Kí a tó béèrè ohun tí èérún jẹ́, ìbéèrè yìí ni kí a kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kan. Ọ̀gá mi gbé sílàìdì náà, ó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ní kí n wá wo àárín sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì, níbi tí kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan. Ohun tí mo pè ní kòkòrò kún ibẹ̀ bákan náà. Pílétílẹ́ẹ̀tì ni, àwọn wẹ́wẹ́ tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọ̀kan nínú wọn ló kàn bà lé orí sẹ́ẹ̀lì pupa.

Láti ìgbà náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ ohun tí mo rí: pílétílẹ́ẹ̀tì tí ó gun orí sẹ́ẹ̀lì máa ń ní òrùka funfun fẹ́ẹ́rẹ́ yí ara rẹ̀ ká, nítorí pé ó ti tẹ hẹ̀mógílóbìnì abẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo máa ń yí ojú awò sókè-sódò díẹ̀díẹ̀: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró tí ó bọ́ lé sílàìdì kì í hàn kedere ní àkókò kan náà pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì, orí rẹ̀ ni ó wà, kì í ṣe inú rẹ̀, ihò tí omi dá sílẹ̀ sì máa ń kọ mànà bí dígí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá irú rẹ̀ kan náà níta sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá wà níbi gbogbo, ẹ̀bi aró ni. Bí ó bá jẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan ni ó wà, a lè wá béèrè orúkọ rẹ̀.

Èérún Howell-Jolly

Èyí ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ mọ̀ dunjú ju gbogbo ìyókù lọ. William Howell ará Amẹ́ríkà àti Justin Jolly ará Faransé ni a fi orúkọ wọn pè é. Ó jẹ́ àmì róbótó kan, ó dán, ó dúdú bí àlùkò tí ó jinná, etí rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé a fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó tóbi tó máíkírómítà 1, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. DNA ni, èròjà àjogúnbá tí ó máa ń wà nínú kóró. Nígbà tí kóró ń jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yà rẹ̀ kan ló ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Lára ẹni tí ọlọ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Nítorí náà, bí a bá rí i lára àgbàlagbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ọlọ inú rẹ̀ dà? Ó lè jẹ́ pé a ti ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ọ́, bóyá lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn tí ẹni náà kò sì rántí sọ. Ó lè jẹ́ pé a bí i láìní in. Ó sì lè jẹ́ pé ọlọ inú wà ní ipò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, bí ó ti máa ń rí lára àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, níbi tí sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ bí dòjé ti ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọlọ inú láti ìgbà èwe, títí tí ẹ̀yà náà yóò fi sunkì tí yóò sì di àpá lásán. Àrùn ìfun tí gluten, èròjà kan nínú àlìkámà, ń fà náà lè sọ ọlọ inú di ọ̀lẹ. Ọmọ tuntun, pàápàá èyí tí a bí ṣáájú oṣù rẹ̀, lè ní díẹ̀ nínú wọn nítorí pé ọlọ inú rẹ̀ kò tíì gbó, ìyẹn nìkan kò sì tó ìdí láti dáyà já òbí.

Bí ọlọ inú bá ti lọ ní tòótọ́, sílàìdì náà yóò fi àwọn ẹ̀rí mìíràn kún un: sẹ́ẹ̀lì tí ó ní àmì pupa láàárín òrùka bí ojú ibi tí ọlọ́fà ń dojú kọ (sẹ́ẹ̀lì ojú-ọfà), sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́gùn-ún díẹ̀, pílétílẹ́ẹ̀tì tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí èérún náà bá tó méjì tàbí mẹ́ta nínú sẹ́ẹ̀lì kan, tí sẹ́ẹ̀lì pupa sì tóbi tí ó rí bí ẹyin, tí ẹ sì rí sẹ́ẹ̀lì funfun tí kóró rẹ̀ pín sí ọ̀nà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọjú sí mùdùnmúdùn. Àìtó fítámì B12 tàbí folic acid ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé láìsí wọn ara kò lè ṣe DNA bí ó ti yẹ, kóró á sì máa fọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì.

Kí ló dé tí mo fi dúró pẹ́ lórí àmì kékeré yìí? Nítorí pé ẹni tí kò ní ọlọ inú wà nínú ewu tí ó lè má mọ̀. Ọlọ inú ni ó ń pa àwọn bakitéríà tí ara wọn ní ẹ̀wù, bíi Streptococcus pneumoniae, Haemophilus influenzae irú b àti Neisseria meningitidis. Láìsí rẹ̀, ibà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ lè ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè kí ilẹ̀ tó ṣú. Àjẹsára wà fún àwọn bakitéríà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fún ènìyàn ní àjẹsára nítorí ohun tí a kò kọ sínú èsì.

Èérún onírin

Èérún Pappenheimer jọ ti Howell-Jolly débi pé wọ́n máa ń pe ọ̀kan ní èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò wọ́n dáadáa yóò rí i pé wọn kò rí bákan náà. Ti Pappenheimer kéré, kò rí róbótó, àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ sí ti aró, ó sì máa ń kó ara jọ ní méjì-mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí etí sẹ́ẹ̀lì, bí iyanrìn tí ó ṣẹ́kù sí igun àwo. Irin ni ó wà nínú rẹ̀. Bí iyèméjì bá kù, ẹ mú sílàìdì mìíràn kí ẹ sì fi aró Perls pa á, èyí tí Max Perls gbé jáde ní ọdún 1867: irin yóò di aláwọ̀ aró, Howell-Jolly kò ní yọ rárá. Mo gbà yín níyànjú kí ẹ má ṣe fi orúkọ Pappenheimer sínú èsì kí ẹ tó ṣe èyí.

Irin inú sẹ́ẹ̀lì ń sọ pé irin wà ṣùgbọ́n ara kò rí i lò. Mùdùnmúdùn gbà á, kò sì lè fi kọ́ hẹ̀mógílóbìnì. A máa ń bá àbùkù yìí bí ni nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ó jẹ́ àrùn mùdùnmúdùn ti àwọn àgbàlagbà, ó sì lè jẹ́ ọtí líle, òjé, tàbí isoniazid, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó ń dí fítámì B6 lọ́wọ́. A tún ń rí i nínú talasímíà, àrùn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ara ṣe hẹ̀mógílóbìnì tó, àti lẹ́yìn tí a bá yọ ọlọ inú. Ẹ kíyè sí ewu kan: ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré tí ó sì ṣá lè dàbí ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn irin nígbà tí irin ti kún inú rẹ̀ àkúnwọ́sílẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tí ó rí wínníwínní

Nígbà mìíràn kì í ṣe àmì kan tàbí méjì ni a rí, bí kò ṣe wínníwínní aláwọ̀ aró tí a fọ́n ká gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì dọ́gbadọ́gba. RNA ni èyí, ìyókù ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe hẹ̀mógílóbìnì. Bí wínníwínní náà bá kúnná, kò sọ ju pé mùdùnmúdùn ń yára rán sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ jáde. Èyí tí ó ki, tí ojú rí láìṣòro, ni kí a fiyè sí.

Òjé ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ níbí, ó sì ní ìdí. Òjé ń dí ẹ́ńsáìmù (èròjà tí ń mú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá) kan tí a ń pè ní pyrimidine 5'-nucleotidase lọ́wọ́. Ẹ́ńsáìmù yìí ni ó ń túká RNA tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, nígbà tí kò bá sì ṣiṣẹ́, RNA á ṣù jọ. Àwọn kan wà tí a bí láìní ẹ́ńsáìmù náà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì rí bíi ti ẹni tí ó jẹ òjé. Ṣùgbọ́n talasímíà, àìtó fítámì B12 àti àrùn mùdùnmúdùn náà ń fa wínníwínní tí ó ki, ẹni tí òjé sì wà lára rẹ̀ lè má ní in rárá. Nítorí náà, wínníwínní kò tó láti sọ pé òjé wà, àìsí rẹ̀ kò sì tó láti sọ pé òjé kò sí; wíwọn òjé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìdáhùn. Bí ẹ bá ń wá a, ẹ lo ẹ̀jẹ̀ tuntun láti orí ìka, nítorí pé EDTA lè mú un ṣá.

Èyí tí aró lásán kò lè fi hàn

Èérún Heinz ni ó kọ́ mi pé sílàìdì tí ó mọ́ kò túmọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́. Robert Heinz, dókítà ará Jámánì, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1890. Hẹ̀mógílóbìnì tí ó ti bàjẹ́ ni, tí ó ti dì, tí ó sì lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì láti inú. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti hẹ̀mógílóbìnì tí ó yí i ká, nítorí náà Leishman àti Giemsa kò lè yà á sọ́tọ̀. Kí a tó rí i, a gbọ́dọ̀ po ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ aró nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè, láìfi mẹ́tánọ́ọ̀lù kàn án: ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan sí ìwọ̀n mẹ́rin methyl violet, kí ó jókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí a sì tẹ́ ẹ. Yóò yọ bí kókó aláwọ̀ àlùkò ní etí sẹ́ẹ̀lì, tí ó tóbi ju Howell-Jolly lọ nígbà mìíràn, bí ẹni pé ó fẹ́ tú jáde.

Ṣùgbọ́n kí a tó po aró yìí, aró lásán ti lè ta wá lólobó. Ọlọ inú máa ń já èérún Heinz gbà pẹ̀lú agbára débi pé ó ń bu awọ sẹ́ẹ̀lì lọ pẹ̀lú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì jáde bí èso tí ẹnìkan gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí sẹ́ẹ̀lì abugéjẹ mẹ́ta-mẹ́rin lára ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ẹ béèrè oògùn tí ó lò ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta sẹ́yìn. Primaquine, dapsone, àwọn oògùn kan nínú ìdílé sulfa, àti naphthalene tí a fi ń lé kòkòrò kúrò láàárín aṣọ lè fa èyí lára ẹni tí G6PD, ẹ́ńsáìmù tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó lára rẹ̀. Hẹ̀mógílóbìnì àbímọ́ni tí kò dúró ṣinṣin náà ń fà á, láìsí oògùn kankan.

Ìdẹkùn kan wà níbí tí ó ti mú àwọn tí ó gbọ́n. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń fọ́, sẹ́ẹ̀lì àgbà tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kéré jù ni ó kọ́kọ́ kú, sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ni ó kù. Bí a bá wọn G6PD ní ọjọ́ náà, èsì lè jáde pé kò sí àléébù. Ẹ má ṣe fi èsì bẹ́ẹ̀ pa ọ̀rọ̀ dé; ẹ ní kí a tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti dàgbà.

Hẹ̀mógílóbìnì H náà fara pamọ́ bẹ́ẹ̀. Okùn alpha méjì àti okùn beta méjì ni a fi ń kọ́ hẹ̀mógílóbìnì àgbàlagbà; ti H ń wáyé nígbà tí mẹ́ta nínú jíìnì mẹ́rin tí ń ṣe okùn alpha kò bá sí, tí okùn beta mẹ́rin wá so pọ̀ mọ́ ara wọn. A ó fi brilliant cresyl blue pò ó, a ó sì gbé e sínú ooru 37 °C fún wákàtí 1 sí 2. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò kún fún àmì wẹ́wẹ́ tí ó tò dọ́gba bí kòtò ara bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe pe sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ ní èyí: ti sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ jẹ́ okùn tí ó lọ́ pọ̀, ó sì máa ń yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí ti H ń gba wákàtí. Mo máa ń tẹ́ sílàìdì kan ní ìṣẹ́jú 10 àti òmíràn ní wákàtí 2, kí n lè fi wọ́n wé ara wọn.

Ohun alààyè inú sẹ́ẹ̀lì

Alphonse Laveran ni ó kọ́kọ́ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ní Algeria, ní ọdún 1880. Ohun tí a ń wá ni nǹkan méjì papọ̀: òrùka aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, àti ẹyọ àmì pupa kan lára òrùka náà bí òkúta lára òrùka ìka. Bí pupa bá wà láìsí aláwọ̀ aró, tàbí aláwọ̀ aró láìsí pupa, ẹ má ṣe yára.

Oríṣiríṣi ni kòkòrò ibà. Plasmodium falciparum máa ń fi òrùka tín-ín-rín hàn, òrùka méjì lè wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, òmíràn á lẹ̀ mọ́ etí sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà kì í sì tóbi sí i. Àgbà rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sí gbangba nítorí pé ó ń fara pamọ́ sínú àwọn iṣan kéékèèké. Èyí tí a ń rí ni ẹ̀yà onírìísí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀fọn yóò gbé lọ. Irú tí à ń pè ní vivax máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì wú, ó sì máa ń fi àmì pupa wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní Schüffner kún un. Ti ovale jọ ọ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gùn bí ẹyin, etí rẹ̀ sì lè fà ya wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Malariae máa ń nà gba àárín sẹ́ẹ̀lì bí ọ̀já. Sílàìdì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí a kò fi mẹ́tánọ́ọ̀lù kàn, ni a fi ń mọ̀ bóyá kòkòrò wà; èyí tí ó fẹ́lẹ́ ni a fi ń mọ irú èyí tí ó jẹ́. Ẹ má ṣe kọ pé kò sí kí ẹ tó wo ó kéré tán ojú-ìwò 100 nínú èyí tí ó nípọn.

Babesia, kòkòrò mìíràn tí eégbọn ń gbìn sí ara, lè fi òrùka jọ falciparum. Ohun tí ó ń tú u fó ni mẹ́rin tí ó so kọ́ra bí àgbélébùú, òrùka tí ó wà níta sẹ́ẹ̀lì, àti pé kì í ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ tí kòkòrò ibà máa ń fi sílẹ̀.

Àwọn méjì kù tí kò wọ́pọ̀. Òrùka Cabot, tí Richard Cabot ṣàpèjúwe ní ọdún 1903, jẹ́ okùn pupa tín-ín-rín tí ó ká bí òrùka tàbí tí ó lọ́ bí nọ́ńbà 8. Ẹ óò rí i nínú àìtó B12 tí ó le àti nínú májèlé òjé. Ọ̀pá pupa tí ó ṣù, tí igun rẹ̀ mú, tí ìyókù sẹ́ẹ̀lì náà sì dàbí òfìfo, jẹ́ hẹ̀mógílóbìnì C, irú hẹ̀mógílóbìnì àbímọ́ni kan, tí ó dì. Ẹ ṣe àyẹ̀wò irú hẹ̀mógílóbìnì.

Bí a ṣe ń kọ èsì

Ẹ̀rọ tí ń ka sẹ́ẹ̀lì kò rí èérún. Ní tòótọ́, ó lè kà á sí ohun mìíràn: Howell-Jolly àti kòkòrò ibà ní DNA, aró ẹ̀rọ á lẹ̀ mọ́ wọn, ẹ̀rọ á sì sọ pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ ti pọ̀. Bí iye sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ kò bá bá ìyókù èsì mu, ẹ gbé sílàìdì sábẹ́ awò.

Nínú èsì, ẹ kọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ rò. "Èérún róbótó, ẹyọ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ó jọ Howell-Jolly, sẹ́ẹ̀lì ojú-ọfà wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè nípa ọlọ inú" wúlò fún dókítà ju orúkọ lásán lọ. Ẹ kọ aró tí ẹ lò, ẹ sọ bóyá díẹ̀ ni ẹ rí tàbí púpọ̀, kí ẹ sì tọ́jú sílàìdì náà kí ẹlòmíràn lè tún un wò. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò ibà, tàbí èérún Howell-Jolly lára ẹni tí ibà ń ṣe tí kò sí ìtàn ọlọ inú nínú ìwé rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ìwé yóò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ èsì.